Ojú Ewé Keje

Mo tẹ "ẹni tó ń tún maṣíìnì ìránṣọ ṣe n'Íbàdàn" sínú fóònù,
mo ń wá ara mi bí ẹni ń wá ọmọ láàárín èrò.
Ojú ewé kìn-ín-ní: n kò sí níbẹ̀.
Ìkejì: àwọn tó ń ta tuntun l'Ékòó.
Mo ń yí i lọ, dátà ń jò bí garawa tó lu.
Ojú ewé keje, nísàlẹ̀ pátápátá,
lẹ́yìn ọkùnrin kan tó ti kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn,
ibẹ̀ ni mo ti rí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi:
Ògúndìran, Àgbẹni.

Ìbùkúnolú wá láti Bódìjà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ̀.
Ó kọ nǹkan mẹ́tàlélógójì sínú ìwé fún mi,
ó ní kí n parí gbogbo rẹ̀ kí oṣù tó kú.
Ọkàn mi pòrúùru.
Mo fi ìwé náà dé orí agolo gírísì.

Ọjọ́ kẹrin ni mo rántí Láyípo.
Ọmọ ọdún méje ni mí, bàbá mi mú mi gùn ún.
Inú rẹ̀ ṣókùnkùn, àtẹ̀gùn rẹ̀ ń lọ́ bí ìkarawun ìgbín.
Mo ní, "Bàbá, n kò rí òkè."
Ó ní, "Ta ló ní kí o rí i?
Èyí tó kàn ńkọ́?"
Mo rí ìyẹn. Mo gbé ẹsẹ̀ lé e.

Nítorí náà, Ọjọ́ Ajé, àkọlé nìkan.
"Ẹ káàbọ̀" ló wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti dá ìkànnì sílẹ̀,
àfi bí ẹni pé ẹnìkan ń wá "ẹ káàbọ̀" kiri.
Mo pa á rẹ́. Mo kọ iṣẹ́ wa, mo kọ àdúgbò wa,
mo lọ sùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, iná ò sí.
N kò ṣẹ́gun ohunkóhun.

Ọjọ́rú kò rú mi lójú: àwòrán kan péré.
Ó wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì,
oníbàárà á ti lọ kó tó ṣí.
Mo dín in kù. Nọ́ńbà ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, bí ẹlẹ́wọ̀n;
mo sọ ọ́ ní "maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ tí ìpẹtà ti mú, kí a tó tún un ṣe."

Lẹ́yìn náà, ìbéèrè kan lọ́sẹ̀ kan,
irú èyí tí wọ́n ń bi mí lẹ́nu ilẹ̀kùn láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún:
kí ló dé tí òwú ń já?
Ṣé èyí tí omi wọ̀ ṣì lè rán aṣọ?
Mo kọ ìdáhùn bí mo ṣe ń sọ ọ́, pẹ̀lú òróró lọ́wọ́.

Ẹnìkan pè, ó ní ọjọ́ mẹ́ta péré, ẹgbàá lọ́nà ogún náírà,
òun á gbé mi dé ojú ewé kìn-ín-ní.
Mo mọ maṣíìnì tí wọ́n fi òkúta lù kó lè yí.
Èmi náà ni wọ́n ń gbé e wá bá.

Yíyọjú wò ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.
Láàárọ̀, lọ́sàn-án, nínú bẹ́ẹ̀dì,
bí ọmọdé tó gbin àgbàdo tó tún ń hú u wò.
Ìyá Fẹ́mọ̀ràwá, tó ń rán bọ́tìnnì níwájú wa, rẹ́rìn-ín:
"Ṣé ojoojúmọ́ ni ẹlẹ́dẹ̀ ń wọn imú ara rẹ̀ ni,
kó tó fi wọgbà?"
Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni mo ń wò ó báyìí.

Oṣù karùn-ún: ojú ewé kejì, ẹ̀kẹta láti òkè.
Ọmọbìnrin kan gbé maṣíìnì ìyá rẹ̀ tó kú wá láti Mọ́níyà.
Ó ní òun ka ọ̀rọ̀ òwú tó ń já.
Mo ṣí i wò: abẹ́rẹ́ ló kọjú sódì.
Mo yí i padà. Ó jókòó, ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn,
kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀: bí abẹ́rẹ́ bá kọjú sódì.
Ìwé orí agolo ti rin gbingbin fún gírísì.
Méjìlá ni mo ti fagi lé. Ó ku mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Mo fa ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.
Tòní ti tó.