Orí Mẹ́ta Lábẹ́ Igi Obì

Lọ́yà Ọ̀nàfúwà ti Lọ́ńdọ̀nù dé,
ó tú àpò rẹ̀ sórí koríko Ìpẹ́rù,
ó fa igi gọ́ọ̀fù méjì yọ, ọ̀rá ṣì wà lórí wọn.
"Ṣóbùlọ́, ìwọ tó o ti ń gbé àpò láti ayé bàbá mi,
èwo ni kí n mú, èwo ni kí n dá padà?"
Dẹ́rẹ́bà ni wọ́n ń pe irú igi yìí,
dẹ́rẹ́bà tí kò ní mọ́tò,
tó sì ń sọ olówó di ẹlẹ́sẹ̀ nínú igbó.

Mo gbé èkíní. Dúdú ni, orí rẹ̀ rí ràgàjì
bí igbá tí a dojú rẹ̀ bolẹ̀.
Kábọ́ọ̀nù ni wọ́n fi hun àtàrí rẹ̀,
òwú tó gbàgbé pé òwú lòun, tó le ju pákó lọ.
Ìwúwo rẹ̀ wà lẹ́yìn, nísàlẹ̀ pátápátá,
kí orí má baà yí bí ọwọ́ bá ṣì.
Lọ́yà ní, "Èyí máa ń dárí jini."
Mo bi í pé eélòó ni.
Ó sọ iye rẹ̀. Mo rọra gbé e sílẹ̀.
Ọkùnrin tí kì í gba ẹ̀bẹ̀ nílé ẹjọ́
ló ń ra ìdáríjì bọ̀ láti òkè òkun!

Èkejì, tìtáníọ̀mù ni, ojú rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí ìpẹ́ ẹja,
orí rẹ̀ kéré díẹ̀, ìwúwo rẹ̀ sún síwájú.
Bọ́ọ̀lù rẹ̀ kì í gbé ara rẹ̀ yí lókè,
abẹ́ atẹ́gùn ló ń gbà, bí ọlọ́kadà tó rí ọlọ́pàá.
Síkúrù wà ní ọrùn rẹ̀:
yí i báyìí, bọ́ọ̀lù á ga;
yí i báyìí, á fì sápá òsì.
Kọ́kọ́rọ́ kékeré kan ló ń ṣí i.
Mo ní, ṣé orí ni àbí ilé ẹrù?

Èmi náà fa tèmi yọ nínú àpò ìrẹsì.
Odùjìnrìn káfíńtà ní Ògèrè ló gbẹ́ ẹ,
igi àpá, ó fi idẹ bo ojú rẹ̀,
kò ju ìkúùkù ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ.
Bí o bá ṣì í gbá, kò ní bò ọ́ láṣìírí:
láti ọrùn ọwọ́ ni yóò ti máa wí,
títí dé eyín ìsàlẹ̀.

Ọyẹ́ ń fẹ́, ìyẹ̀fun sìmẹ́ńtì Ṣágámù bá a wá.
Lọ́yà gbá, èmi fi ìṣísẹ̀ kà.
Dúdú: òjìlúgba; òjìlúgba ó dín méjì; òjìlúgba ó lé kan.
Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.
Tìtáníọ̀mù: òtàlúgba ó lé méjì! Lọ́yà fò sókè.
Ẹ̀ẹ̀kejì wọ oko obì Ìyá Efúnṣèyí.
Ẹ̀ẹ̀kẹta, a ò tíì rí i.
Ó gba tèmi, ó gbá a lórí,
bọ́ọ̀lù sáré lé alángbá kan, ó dúró.

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Igba ìṣísẹ̀ ó dín méjì,
àárín gbùngbùn, ojú ọ̀nà gíríìnì wa
tí kì í ṣe ewé, tó jẹ́ yanrìn àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì.
Ó dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́:
dúdú nì fi ogójì ìṣísẹ̀ lé mi sẹ́yìn,
ọwọ́ tó ṣì ló sì fi lé mi.

Mo ní, "Ẹ mú dúdú, ọ̀gá."
Èkejì ló mú.

Kò pé oṣù kan tí kọ́kọ́rọ́ fi sọnù.
Apá òsì ni síkúrù wà, ibẹ̀ ló sì kú sí.
Ní gbogbo Sátidé, Ìyá Efúnṣèyí ń jáde lóko,
obì nínú agbọ̀n, bọ́ọ̀lù nínú ìṣẹ́po aṣọ,
ó ní igi òun ti ń so funfun.
Igba náírà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kì í gba ẹ̀dínwó.