Ẹnu Àgbá

Kí táàpù tó dé, ẹnu ọmọ ni táàpù.
Àgbá mẹ́ta ni ìyá wa, Àwẹ̀ró, tò sẹ́yìn ilé
ní Àlékúwódò, kẹrosíìnì dé wọn lọ́rùn.
Èmi ni mò ń di àrọ mú, Oyèníyì ló ń fa rọ́bà.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó mọ ìgbà tí epo ń bọ̀
bí ẹni tó mọ ìró ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn:
á yọ rọ́bà, á tì í bọ ìgò, á tutọ́.

Lọ́jọ́ kan nínú ọyẹ́, ó húkọ́ láàárín fífà.
Epo gba ibi tí èémí ń gbà.
Mo rántí pé àrọ já bọ́ lọ́wọ́ mi,
pé epo ń dà sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò wo epo.
Ọjọ́ mẹ́rin ló lò ní ọsibítù Asúbíaró,
àyà rẹ̀ ń dún bí ìwé tí wọ́n ń fún pọ̀.

Ọ̀ṣúntóyìnbó púlọ́ńbà wá kí wa.
Kò sọ pé Ọlọ́run á ṣàánú. Ó lóṣòó ti àgbá,
ó ń fi ìka kàn án lára, kó, kó, kó,
títí dé ìdí, níbi tí ìró ti kú.
"Ìsàlẹ̀ ọrọ̀ lẹ́gbin," ló wí.
"Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ló sùn síbí.
Táàpù tí wọ́n ń tà ní Ìgbọ̀nà,
ìdí gan-an ni wọ́n ń lù ú mọ́,
ẹ̀gbin ni yóò kọ́kọ́ mu. Kò ní pẹ́ di."

Oṣù méjì.
Èkíní jò.
Èkejì há, òòlù ni wọ́n fi ṣí i.
Ẹ̀kẹta dára lójú, àmọ́ bó ṣe ń tú epo ni,
gbọ̀lọ̀, ó dákẹ́, gbọ̀lọ̀, ó dákẹ́,
bí arúgbó tó ń pìtàn tó ń gbàgbé.
Ó káwọ́ lérí, ẹ̀rín bú lẹ́nu rẹ̀:
"Àgbá ò mí! A dé e lórí pa,
a tún ní kó máa fún wa.
Ta ní í fúnni láìmí?"

Ẹ̀kẹrin nìyí, idẹ àlòkù láti ojú irin.
Ọrùn rẹ̀ nínú àgbá tẹ̀ bíi ti lékeléke,
ó fi ìka mẹ́ta ga ju ilẹ̀ lọ,
gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ń sùn nísàlẹ̀, kò sẹ́ni tó jí i.
Páìpù tín-ín-rín kan gòkè lọ gba atẹ́gùn wá.
Awọ bàtà ara rẹ̀ ló gé ṣe wáṣà.
Sípíríìnì wà lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀:
tẹ̀ ẹ́, ó ṣí;
fi í sílẹ̀, ó panu dé fúnra rẹ̀.

Ìyá wa fura. Ó wọn ìgò mẹ́wàá, ó tún un wọn.
Lẹ́yìn náà ló gbé abọ́ tí a fi ń gba ẹ̀kán
kúrò lábẹ́ àgbá, ó bu yẹ̀pẹ̀ sí i, ó gbin ata.
Ata náà ò hù.

Ọ̀ṣúntóyìnbó ò kọ orúkọ sára idẹ.
Àwọn tó wò ó ṣe pọ̀ títí dé Ẹdẹ,
òun náà sì wà nílẹ̀, ó ń tún ṣálánga àwọn ẹlòmíì ṣe.

Wọ́n ní ẹnu àgbà lobì í gbó.
Ti àgbá lèmi mọ̀,
mo sì mọ ẹnu kékeré tó ṣáájú rẹ̀.

Gáàsì ti gba ilé ìdáná báyìí.
Àgbá kan ló kù, omi òjò ló ń gbé inú rẹ̀.
Lọ́sẹ̀ tó kọjá Oyèníyì ti Iléṣà dé, hewú ti yọ lórí rẹ̀,
ó tẹ ọwọ́ idẹ, omi mímọ́ kún ife,
ó kọ́kọ́ tutọ́ kó tó mu.
Mo ní kí ló dé.
Ó ní kò sí nǹkan kan.