A Ò Tíì Dé Ọ̀fà

Sẹ̀wẹ̀nù ló fi gègé dúdú kọ orúkọ mi
sí àyà aṣọ funfun tó bò mí látòkè délẹ̀:
FADÉRERA. Ó ya ẹnu tó ń rẹ́rìn-ín sábẹ́ rẹ̀,
torí aláìsàn ò rí eyín wa mọ́.
Mo ti tọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó wọ̀ ọ́.
Títí ilẹ̀ á fi mọ́, kò sómi mímu, kò sí pé imú ń yún mi.

Ní Yábàá, ní yàrá kẹta, afẹ́fẹ́ ń ti inú sìlíńdà jáde,
ó ń hó nínú ìgò omi bí ìkòkò ẹ̀kọ.
Bàbá Látúnjí ló ni bẹ́ẹ̀dì kẹrin,
òṣìṣẹ́ rélùwéè àtijọ́, tó fi ọdún mọ́kàndínlógún
ju àsíá aláwọ̀ ewé sókè fún ọkọ̀ ojú irin n'Ídó.
Kò lè fa ọ̀rọ̀ gùn. Èémí rẹ̀ kúrú bí owó oṣù wa.
Ó ní, "Nọ́ọ̀sì. Èmi á máa pe ibùdó. Ọ̀kan fún èémí kan.
Kí o máa gbè é.
Tí a bá dé Ọ̀fà, ilé mi nìyẹn,
kí o jẹ́ kí n sùn."

Ídó.
Ídó.
Èbúté Mẹ́ta.
Èbúté Mẹ́ta.
Yábàá. Ó ṣẹ́jú sí mi: a ò tíì kúrò níbẹ̀.
Múṣin. Oṣòdì. Ìkẹjà. Agége.
Ní Ìjù, iná lọ. A dúró de jẹnẹrétọ̀,
mo ń ka ìwọ̀n ìyè rẹ̀ lọ́rùn ọwọ́, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ ìpele méjì.
Iná dé.
Ifọ̀.
Wásinmi.
Ó dákẹ́ níbẹ̀. Ó pẹ́.
Irú orúkọ wo lèyí, lálẹ́ irú èyí?
Mo tẹnu bọ̀ ọ́ létí: "Bàbá, ọkọ̀ kì í pẹ́ ní Wásinmi!"
Ó mí.
Abẹ́òkúta.

Láàárín Ìbàdàn sí Ìwó, ọmọ rẹ̀ pè.
Mo fi ọ̀rá wé fóònù, mo gbé e sí i létí.
Ọmọ náà bi í níbi tí kọ́kọ́rọ́ àpótí onírin wà.
Kò mọ nǹkan mìíràn tí ó lè bi í.

Ilẹ̀ mọ́ ní Ìkìrun. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi.
Nígbà tí mo bọ́ ìbòmú, ilà ti wà lẹ́rẹ̀kẹ́ mi
tí olóólà kankan ò kọ.
Ní Ṣómólú, onílé wa ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri:
NỌ́Ọ̀SÌ, Ẹ MÁ FỌWỌ́ KAN Ẹ̀RỌ OMI.
Lọ́sàn-án, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún wa lórí rédíò;
èmi ń gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sí àdúgbò kejì.
Ọmọ mi Ìbídùn, tó wà lọ́dọ̀ ìyá mi n'Ílúpéjú, yọ eyín iwájú.
Ó ti jù ú sórí òrùlé.
Ó ya ẹnu sí fóònù kí n wo àlàfo náà.
Mo wò ó títí káàdì mi fi tán.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, èmi ni mo kọ orúkọ ara mi.
Ọwọ́ mi gbọ̀n; ẹnu tó ń rẹ́rìn-ín náà wọ́.
Aṣọ tuntun ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì kẹrin, kò sí ẹni lórí rẹ̀.
Rísìkátù tó ń nu ilẹ̀ ò gbójú sókè.
Ó ní ọ̀sán ni. Ó ní bàbá ń bèèrè pé,
"Ta ló ń gbè é?"

Sẹ̀wẹ̀nù ló wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì,
láti àná, pẹ̀lú rọ́bà nímú.
Mi ò lè wò ó. Mo dúró ti bẹ́ẹ̀dì òfìfo,
mo pè é fún bàbá, ohùn mi há sínú ìbòmú:
Ọ̀fà.

Èémí kan kọjá. Òmíràn.
Lẹ́yìn mi, ohùn kan bí ẹni ń fa bẹ́ńṣì lórí sìmẹ́ńtì:
Ìlọrin.

Mo fa àga.
Jẹ́bà.