Ohun Tí Mo Fi Kún Un

Ní Ìsòkun, nílùú Iléṣà,
lẹ́yìn ilé Ògúnṣàkin, àbúrò bàbá mi,
ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ń rin ẹ̀gẹ́.
Kò sẹ́ni tó ṣe é.
Mo tún un wí: kò sẹ́nì kan ṣoṣo tó ṣe é.

Ìyá bàbá mi ló kọ́kọ́ la agolo bísíkíìtì,
ó fi ìṣó lù ú títí ó fi yọ eyín,
ó kàn án mọ́ pákó, ó ń fọwọ́ rin ẹ̀gẹ́,
ẹ̀jẹ̀ ìka rẹ̀ ń bá gàrí lọ.
Bàbá mi ló ká páànù yẹn mọ́ ìtì igi roboto,
ó so ó mọ́ pẹ́dáálì kẹ̀kẹ́ tó fi ṣe òṣómàáló rí,
kẹ̀kẹ́ tó gbé aṣọ àwìn kọjá Àkúrẹ́
tó sì gbé owó rẹ̀ bọ̀,
àfi ti ọkùnrin kan tó ṣì jẹ ẹ́ dòní.
Nígbà tí ẹ́ńjìnnì dé, Ògúnṣàkin tú pẹ́dáálì,
ó fi bẹ́líìtì sí i.
Igi rà, ó fi irin pààrọ̀ igi.
Páànù ń dípẹtà sínú gàrí,
ó ra èyí tí kì í dípẹtà lọ́wọ́ àwọn tó ń tú mọ́tò.

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ń fi ẹfun kọ gbogbo rẹ̀ sí:
“Mo sún bóòtù ìsàlẹ̀ sápá òsì, ìbú ìka kan.”
“Omi ò ta sí bẹ́líìtì mọ́.”
“Ìyá Morẹ́nikẹ́ ní kí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ sí i. Ó ti fẹ̀.”
“Mo dá bóòtù padà. Mo ṣìṣe.”

Èmi ti yunifásítì Ifẹ̀ dé nígbà ìsinmi,
tèmi ti àwòrán lábẹ́ abíyá,
ẹ̀rọ tuntun, irú èyí tójú ò rí rí.
Ó wò ó títí,
ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.
“Ó dára. Ta ló máa tún un ṣe
lọ́jọ́ tí o bá ti padà sí Ifẹ̀?”
N ò rí èsì.
Ó ní, “Jókòó tì í.
Gbọ́ ibi tó ti ń dùn ún.”

Oṣù kan àtààbọ̀ ni mo fi jókòó.
Mo bínú. Mo sùn. Mo kàwé.
Ariwo ṣáá ni mò ń gbọ́.
Títí di òwúrọ̀ kan tí kùrukùru ṣì bo Òkè Ìmọ̀,
mo gbọ́ ọ pé ariwo náà pé méjì:
ẹ́ńjìnnì ń ké,
ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì ń gbọ̀n lórí kankéré
bí ẹni ibà ń ṣe.
Mo bọ́ sílípáàsì mi,
mo gé gìgísẹ̀ rẹ̀, mo tì í sábẹ́ ẹsẹ̀ yẹn,
mo di bóòtù.

Wọ́n ní Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná,
ilé la ti ń múná roko.
Èébú ni mo pè é láti kékeré.
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi rẹ́rìn-ín,
ṣé ẹ ti gbéná rí,
kẹ́ ẹ gbé e kọjá odò, nínú ìrì,
kó má kú mọ́ yín lọ́wọ́?

Ìyá Morẹ́nikẹ́ gbé ẹ̀gẹ́ Ìbàlà dé lọ́jọ́ náà.
Ó rin tirẹ̀ tán, ó di àpò,
ó san owó, ó ku náírà mẹ́wàá.
Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà:
“Mo mà gbọ́ ohùn ara mi lónìí
nígbà tí mò ń sọ̀rọ̀.”
Kò bèèrè ìdí. Ó lọ.

Ògúnṣàkin na ẹfun sí mi.
Àyè tó kù lẹ́yìn ilẹ̀kùn
ò ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ.
Mo kọ ọ́ wẹ́wẹ́,
kẹ́ni tó ń bọ̀ lè ráyè kọ tirẹ̀.