Wẹ́ẹ̀jì

Inú páálí ni ọkọ̀ náà ti òkè òkun dé,
kò ga ju orúnkún ọmọ ọdún mẹ́ta lọ,
àmọ́ táyà rẹ̀ léyín bíi táyà ọkọ̀ agbégẹdú.
O tẹ rìmọ́ọ̀tù, ó kùn, ó gbéra.
Lọ́jọ́ kejì òjò rọ̀ ní Ẹfọ̀n,
Adédípẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, wà á lọ sẹ́yìnkùlé
níbi tí omi òkè ti ń bá erùpẹ̀ pupa jà,
ó rì dé ilẹ̀kùn.

Ọmọ fẹ́ fọwọ́ gbé e.
Mo ní rárá.
Ta ló ń fọwọ́ gbé tírélà nínú ẹrẹ̀?
Bí ọkọ̀ bá kéré, kí ìyà rẹ̀ náà kéré tó o,
kí ohun tí yóò yọ ọ́ náà kéré tó o:
ìdá kan nínú mẹ́wàá.

Rédíò ni mò ń tún ṣe.
Mo ní lẹ́ẹ̀dì, mo ní súrù tí kì í mówó wọlé.
Mo la agolo sàdíìnì sí méjì,
mo fi ìṣó lu ú ní ihò mẹ́rìnlélógún,
ìyẹn ni pákó tí táyà yóò gùn jáde
(ẹja inú rẹ̀, a ti fi jẹ iṣu lánàá).
Mo lu ìdérí ìgò pẹlẹbẹ, mo fi sípóòkù kẹ̀kẹ́ ṣe ọwọ́ rẹ̀,
ó di ṣọ́bìrì.
Irin agboòrùn tí ìjì ká lọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì,
mo tẹ̀ ẹ́ bí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ewúrẹ́, ó di ìkọ́,
mo fi kútẹ́sì ìyàwó mi kùn ún ní pupa.
Ó wá kútẹ́sì, ìkọ́ ló rí.
Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.
Bọ́bìnì ẹ̀rọ ìránṣọ ni okùn ìwọ̀ ń yí mọ́,
ẹ̀rọ inú kásẹ́ẹ̀tì tó ti kú ló ń fà á.

Ó ku wẹ́ẹ̀jì.
Mo gé ìrókò, íǹṣì kan, onígun mẹ́ta,
mo fi sáńpépà ha á títí ó fi ń kọ mọ̀nà.

Baba wa lórí bẹ́ǹṣì, kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀.
Wẹ́ẹ̀jì ni wọ́n ń pè é nígbà kan,
kì í ṣe Fálúyì.
Ọdún mọ́kànlá ló fi rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ agbégẹdú.
Bí ọkọ̀ bá dé òkè Ẹfọ̀n tó ń mí gúlegúle,
á fò sílẹ̀, igi lórí èjìká,
á sáré, á sọ ọ́ sábẹ́ táyà,
á gbé e, á sáré, á tún sọ ọ́ sábẹ́ táyà,
títí dé orí òkè tí atẹ́gùn wà.
Ìka mẹ́ta ló kù lọ́wọ́ òsì rẹ̀.
A ò bi í rí. Màámi ti kìlọ̀.

“Mú un wá.”
Ó yí i lórí ìka mẹ́ta náà.
“Ó dán jù,” ó ní. “Ohun tó bá dán, táyà á yọ̀ lórí rẹ̀.
Bí tọjọ́ yẹn ṣe dán nìyẹn. Tuntun ni.
Ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á.”

Kò sẹ́ni tó fèsì. Rédíò kan ń hó lórí tábìlì.
Ó fa ọ̀bẹ yọ, ó kọ ọ́ nílà,
mẹ́ta níbí, mẹ́ta lọ́hùn-ún,
bí ẹni ń kọlà fọ́mọ tí kò ní í sunkún.

A so okùn mọ́ ìdí ìbẹ́pẹ. Ó já.
A so ó lẹ́ẹ̀kejì, bọ́bìnì ń yí, ẹrẹ̀ ń pọ́n pákó sàdíìnì lá,
ọkọ̀ yọ imú, ó gun àpáta,
ó dé àárín, ó ń yọ́ padà.
Kí Adédípẹ̀ tó mira
Baba ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ọgọ́rin ọdún tó wà ní ìbàdí rẹ̀,
ó sọ wẹ́ẹ̀jì sábẹ́ táyà.
Ó dúró.

Ọkọ̀ tí kò wúwo ju ìlàjì iṣu lọ.
Síbẹ̀ mo rí i bó ṣe já ọwọ́ gbà padà,
tó sì wò ó, ìka kan, ìka kejì, ìka kẹta.

Adédípẹ̀ ní kí n ṣe wẹ́ẹ̀jì kan sí i.
Baba ní, “Mẹ́rin ni kó ṣe.
Má sì jẹ́ kó dán.”