Kí N Tó Dá Kọ́kọ́rọ́ Padà

Àlàmísì, bí omi ẹ̀rọ bá ṣàánú Táńkẹ̀,
màá pọnmi kún kẹ́ẹ̀gì mẹ́jọ kalẹ̀.
Ilé ìdáná ni màá ti bẹ̀rẹ̀:
òróró tó ta sára ògiri lọ́dún tá a kọ́kọ́ dé,
ọṣẹ dúdú ló máa gbà, àti èékánná.
Yàrá ló máa kẹ́yìn, nítorí ọyẹ́:
o nu fèrèsé tán, o yíjú, ó tún ti funfun.

Ìṣó mọ́kànlá ni mo kàn mọ́ ògiri Àlájà Sìnótù.
Mẹ́fà ló fọwọ́ sí.
Ihò márùn-ún tó kù, ọṣẹ ìfọyín ni màá fi dí wọn,
kí owó ìdógò mi má bàa di ìtàn.

Ó wá ku ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pálọ̀,
ọfà kékeré tí wọ́n fi èédú fà, tó ń júwe kíbúlà.
Ayálégbé tó ṣáájú wa ni; a ò mọ orúkọ rẹ̀.
Ọdún méje la fi ń forí kanlẹ̀ tẹ̀lé e
kí Àáfà Bùsàírì tó yọ fóònù,
ó ní ó fi díẹ̀ yà sọ́nà Jẹ́bà.
Mùìbátù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Mi ò ní fọ ìyẹn.
Màá fa òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tó tọ́,
kí ẹni tó ń bọ̀ bá méjèèjì níbẹ̀.

Mùìbátù, ta ló mú ìgbálẹ̀?