Ìdérí

Ó jí, ó sáré díẹ̀, ó kú.
Mo dúró níwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń mu abọ́ tíì oníyọ̀ méjì,
mo yí kọ́kọ́rọ́, ó dáhùn bí ọmọ tó sun oorun re.
Ibùsọ̀ mẹ́rin. Ó tún kú.

Gobi kò ní igi tí a lè fara tì.
Òkúta wẹ́wẹ́ ni, àti ojú ọ̀run,
àti ìyá bàbá mi lórí àga ẹ̀yìn,
Dulmaa, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin,
tó fi ìborùn di ẹ̀rẹ̀kẹ́ nítorí eyín kan.
Eyín mẹ́ta ló kù lẹ́nu rẹ̀;
èyí tó wúlò jù ló ń dùn ún.
"Nergüi," ó ní, "èmi là ń gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà ni, àbí ọkọ̀?"

Ọkọ̀ yìí jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Àwọn Rọ́ṣíà ló rọ ọ́,
ẹṣin mẹ́sàn-án ni bàbá mi fi gbà á
lọ́wọ́ ṣọ́jà kan tó ń palẹ̀ mọ́ lọ sílé.
Ikùn méjì ló ní: táǹkì ọ̀tún ti ń jò
láti ìgbà tí bàbá ti wà láyé,
tòsì nìkan là ń bọ́.

Bàbá kì í bẹ ẹ́ńjìnnì. Ó ní,
iná ni kí o kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà epo,
atẹ́gùn gbẹ̀yìn,
torí atẹ́gùn kì í wọ́n nílẹ̀ wa.

Mo wo iná. Mo tú pọ́ọ̀gì, mo fi kan irin,
mo ní kí ìyá àgbà yí kọ́kọ́rọ́.
Iná aláró ta, ó tún ta.
"Ó ń ṣẹ́jú sí ọ," ni Dulmaa wí.
Kì í ṣe iná.

Mo wo epo. Mo yọ rọ́bà lẹ́nu kábúrétọ̀,
mo fi ọwọ́ fa pọ́ǹpù:
ó kán lẹ́ẹ̀mejì, ó kán lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbẹ,
bí ewúrẹ́ tí ọmọ ti mu ọmú rẹ̀ tán.
Bẹ́ẹ̀ kéègì méjì ni mo dà sí i láàárọ̀!
Mo tú fílítà: iyanrìn ṣíbí kan, ìyẹ́ kòkòrò kan.
Mo fọ̀ ọ́. Mo fi ẹnu fa rọ́bà;
bẹntiróò jó mi láhọ́n, ṣùgbọ́n tìlọ́ratìlọ́ra ló ń bọ̀,
bí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹlẹ́rìí tó ń bẹ̀rù.

Mo gun òkè kékeré, mo pe àbúrò bàbá mi.
"Pọ́ǹpù ló kú," ó ní. "Lọ ra tuntun."
Ta ló ń ta pọ́ǹpù fún alángbá?

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀. Dulmaa lọ tọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀.
Ó padà dé, ó bá ọwọ́ mi lẹ́nu táǹkì.
"Má ṣí ibẹ̀! Iyanrìn á wọ̀ ọ́."
Ìgbà yẹn ni mo tó rí i:
ọ̀rá ìpele mẹ́ta lórí ìdérí,
okùn irun ràkúnmí, kókó mẹ́rin.
Mo tú u. Mo yí ìdérí.

Fíìììì.

Táǹkì fa èémí gígùn,
bí ọmọ tó sunkún títí ohùn fi há.
Epo ń jáde, nǹkan kan kò wọlé rọ́pò rẹ̀;
ohun tó ń fúnni tí kò rí gbà
yóò há níbì kan.

"Ìjì ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni," ó ní, kò wò mí lójú.
"Mo ń dáàbò bò ó ni."

Òun náà ló sọ mí ní Nergüi, Kò-Lórúkọ,
kí ikú tó mú ẹ̀gbọ́n mi méjì
má baà mọ ohun tí yóò pè mí.
Kí ni kí n wí?
Mo gba abẹ́rẹ́ lára aṣọ rẹ̀,
mo la ihò ìdérí tó ti dí,
mo fi ọ̀rá ẹyọ kan dì í padà,
mo sì gún un káàkiri
kí ó lè rí i pé mo ṣì dì í.

Ó jí. A lọ.
Gbogbo kòtò ni mo ń tẹ́tí sí.
Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó dé ilé dókítà eyín.
Ìyàwó rẹ̀ yọjú: kò sí nílé.
Ó di ọjọ́ Ajé.